Poncie Ponce: olórin ukulele tó di òṣèré ní Hollywood, àti ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú nípa iṣẹ́ rẹ̀

Bí ẹ bá tẹ orúkọ Poncie Ponce sórí Google, ẹ óò rí i pé ẹnu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kò. Àwọn kan pè é ní olórin Hàwáì. Àwọn kan ní ọmọ Filipíìnì ni. Àwọn mìíràn ní aláwàdà ni, pé òun ló ń wa takisí nínú eré tẹlifíṣàn kan tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1959 sí 1963. Ẹlòmíràn á sì pè é ní ìràwọ̀ Hollywood, èyí tó jìnnà sí òótọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ṣe gan-an lè ka gbogbo rẹ̀ tán kí orí rẹ̀ sì dàrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Poncie nìkan. Ọ̀nà tó gbà wọ Hollywood ni ọ̀pọ̀ olórin láti erékùṣù Hàwáì gbà wọ ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Orin ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Orin yẹn kan náà ló sì pààlà ibi tí wọ́n lè rìn dé nínú ilé náà. Ẹni tí èyí bá yé, àwọn ìyókù ò ní ṣòro fún un.

Ọmọ ibo ni?

Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Ponciano Hernandez. Ọdún 1933 ni wọ́n bí i ní Maui, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Hàwáì tó wà láàárín agbami Pàsífíìkì. Láti ibẹ̀ dé Kalifọ́níà tó nǹkan bíi kìlómítà 3,800. Ṣùgbọ́n Filipíìnì ni ìran rẹ̀ ti wá.

Kí ló gbé ará Filipíìnì dé Maui? Ìrèké ni. Láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn òyìnbó tó ní oko ìrèké ńláńlá ní Hàwáì ti ń kó òṣìṣẹ́ wọlé láti òkèèrè, nítorí àrùn tí àwọn àlejò gbé wá ti pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílẹ̀, àwọn tó sì kù kò tó iṣẹ́ oko náà í ṣe. Àwọn ará Ṣáínà dé, àwọn ará Japan dé, àwọn ará Pọtogí dé láti erékùṣù Madeira àti Azores. Nígbà tó di ọdún 1906, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ará Filipíìnì náà.

Àwọn onílẹ̀, tí wọ́n ń pe ara wọn ní kānaka maoli, ní ọba tiwọn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1893 ni àwọn oníṣòwò òyìnbó, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà lẹ́yìn wọn, lé Ọbabìnrin Liliʻuokalani kúrò lórí ìtẹ́. Ní 1898, Amẹ́ríkà sọ ilẹ̀ náà di tirẹ̀. Ní oṣù Ògún ọdún 1959, ó di ìpínlẹ̀ àádọ́ta. Ọbabìnrin yẹn, olórin ni òun náà, òun ló kọ “Aloha ʻOe”, orin tí gbogbo ayé fi mọ Hàwáì títí di òní. Mo mẹ́nu bà á kí a lè mọ̀ pé orin kì í ṣe ohun eré lásán fún àwọn èèyàn yìí. Lẹ́yìn tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ wọn, ó wà lára ohun díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà.

Ní Hàwáì, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ àwọn onílẹ̀ bá wà lára rẹ̀ ni wọ́n ń kà sí ọmọ Hàwáì. Wọn kì í ka ọmọ òṣìṣẹ́ oko ìrèké mọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Ní Los Angeles, ìlú tí Hollywood wà, wọn ò ya èyí sọ́tọ̀ rárá. Ẹni tó bá ti Hàwáì wá tó sì gbé ukulele, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin, dání, ọmọ Hàwáì ni lójú wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ̀wé nípa Poncie fi ń ta ko ara wọn: ibi tí oníkálùkù dúró sí ló ti ń wò ó.

Ukulele tí a ń wí yìí náà, àlejò ni níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Ògún ọdún 1879 ni ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Ravenscrag kó àwọn ará Madeira wá sí Honolulu láti ṣiṣẹ́ oko. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà mẹ́ta wà nínú rẹ̀, Manuel Nunes, Augusto Dias àti José do Espírito Santo. Nígbà tí wọ́n parí àdéhùn oko wọn, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ní ìlú, wọ́n ń ṣe ohun èlò kékeré olókùn mẹ́rin tó jọ èyí tí wọ́n ń ta nílé. Ọba Kalākaua fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó mú un wọ ààfin. Láàárín ogún ọdún, ó ti di ti gbogbo èèyàn. Nígbà tí Poncie ń dàgbà ní Maui, ọmọ Filipíìnì, ọmọ Japan àti ọmọ kānaka maoli ni wọ́n jọ ń ta á.

Orin ti dé Hollywood kí ẹnikẹ́ni tó pe Poncie

Nǹkan bí ọdún 1889 ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n bí ní Lāʻie, ní erékùṣù Oʻahu, bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin yọ́ lórí okùn gìtá dípò kó máa fi ìka tẹ̀ ẹ́. Joseph Kekuku lorúkọ rẹ̀. Ohùn tó jáde ń fà, ó ń gbọ̀n, ó ń sunkún bí ohùn èèyàn. Kekuku kúrò ní Hàwáì ní 1904, kò sì jókòó síbì kan. Ó fi gìtá yẹn rin Amẹ́ríkà já, ó sì dé Yúróòpù. Ní 1912, eré orí ìtàgé kan nípa Hàwáì, tó ní àwọn olórin láti ibẹ̀ nínú, bẹ̀rẹ̀ ní Broadway ní New York, wọ́n sì gbé e káàkiri ọ̀pọ̀ ìlú fún ọdún púpọ̀. Ní 1915 ni wọ́n ṣe àfihàn ńlá ní San Francisco, tí èrò tó wá wò ó ju mílíọ̀nù 18 lọ. Àgọ́ Hàwáì wà níbẹ̀, àwọn olórin sì ń kọrin nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, àwo orin Hàwáì wọ inú àwọn tó tà jù ní Amẹ́ríkà.

Fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ kò tíì dé nígbà yẹn o. Ìparí àwọn ọdún 1920 ló dé. Nígbà tó máa fi dé, àwọn olórin Hàwáì ti kún ilé ìgbafẹ́ alẹ́ ní Los Angeles. Ẹni tó lókìkí jù nínú wọn ni Sol Hoʻopiʻi, tí wọ́n bí ní Honolulu ní 1902. Títí di òní, àwọn tó mọ gìtá onírin yẹn ṣì ń fi ọwọ́ rẹ̀ kọ́ṣẹ́. Tí ilé iṣẹ́ fíìmù bá fẹ́ ṣe ìtàn etí òkun, wọn kò ní láti ránṣẹ́ síbi jíjìn. Àwọn olórin wà ládùúgbò. Wọ́n á pè wọ́n, wọ́n á fún wọn ní aṣọ onífúláwà àti ìlẹ̀kẹ̀ òdòdó, wọ́n á ní kí wọ́n dúró sẹ́yìn ìràwọ̀ fíìmù náà kí wọ́n máa kọrin.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí ní 1937. Bing Crosby, olórin òyìnbó tó lókìkí, ṣe fíìmù kan tó dá lórí Waikiki, etí òkun kan ní Honolulu, orin kan nínú rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn Oscar ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Harry Owens ló kọ orin náà, òyìnbó ọmọ ìpínlẹ̀ Nebraska tó ń darí ẹgbẹ́ olórin ní hòtẹ́ẹ̀lì Royal Hawaiian. Àwọn tó bá Crosby ta á sínú àwo ni Lani McIntire àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ Hàwáì. Ohùn wọn wọ ilé ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn. Mélòó nínú àwọn tó ra àwo náà ló mọ orúkọ wọn? Owens kò jí nǹkan kankan gbé, òun ló kọ orin rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ló sì kọ ọ́ fún. Àmọ́ bí wọ́n ṣe to ibi iṣẹ́ náà nìyẹn: ọmọ Hàwáì wà nínú ohùn, ó wà nínú àwòrán, kò sí níbi tí wọ́n kọ orúkọ sí.

Bákan náà ni ti àwọn olú ẹ̀dá ìtàn. Nígbà tí ìtàn bá fẹ́ ọmọbìnrin erékùṣù tí òyìnbó máa fẹ́ràn, ẹlòmíràn ni wọ́n sábà máa ń fún. Dolores del Río, ọmọ Mẹ́síkò, ló ṣe é ní 1932. Mamo Clark, ọmọbìnrin Hàwáì, rí irú ipa bẹ́ẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan ní 1935, nínú fíìmù tí Clark Gable ṣe nípa ọ̀tẹ̀ inú ọkọ̀ ojú omi Bounty, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Kí ni amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́?

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n rò pé ẹni tó bá hàn nínú fíìmù Hollywood ti di ìràwọ̀, tàbí pé ẹni tí kò bá jẹ́ ìràwọ̀, wákà-páàsì ni. Ipò mẹ́rin ló wà, owó wọn kò dọ́gba, ẹ̀tọ́ wọn kò sì dọ́gba.

Wákà-páàsì la mọ̀: ẹni tó kọjá lọ, tó jókòó lọ́jà, tó wà láàárín èrò, tí kò sọ̀rọ̀. Láti 1925 ni Hollywood ti ní ilé iṣẹ́ kan tó ń bá wọn wá irú àwọn wọ̀nyí lójoojúmọ́, Central Casting. Èyí tó lé e díẹ̀ ni ẹni tó sọ gbólóhùn kan tàbí méjì: agbódegbà, olùtajà, ọlọ́pàá tó ní “Ó gba ibí yìí lọ.” Lẹ́yìn náà ni amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn. Eléyìí ní orúkọ nínú ìtàn, ó ní ìwà tí a fi mọ̀ ọ́n, ó sì ní iṣẹ́ tí ìtàn kò lè ṣe aláìní. Olú ẹ̀dá ìtàn ló wà lókè pátápátá. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ sí olú ẹ̀dá ìtàn dà bí omele sí ìyá ìlù. Ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀, òun là ń náwó fún, ṣùgbọ́n bí omele bá dákẹ́, ijó bàjẹ́. Hollywood fúnra rẹ̀ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ẹ̀bùn Oscar pàtàkì sílẹ̀ fún amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní 1937.

Orúkọ tí wọ́n ń tò sínú fíìmù tún mú kí ọ̀rọ̀ náà lọ́jú pọ̀. Lónìí, bí fíìmù bá parí, ẹ óò rí orúkọ ẹni tó se oúnjẹ, ẹni tó wakọ̀, ẹni tó gbé iná. Ní àwọn ọdún 1930 sí 1950, ìwọ̀nba orúkọ díẹ̀ ni wọ́n ń kọ, ó sì parí. Ọ̀pọ̀ olórin Hàwáì ṣe ipa tó ní ọ̀rọ̀ nínú láìjẹ́ pé orúkọ wọn jáde níbikíbi. Àwọn tó fẹ́ràn fíìmù àtijọ́ ló wá ń jókòó tì wọ́n lẹ́yìn náà, tí wọ́n ń wo ojú, tí wọ́n ń ka ìwé owó oṣù ilé iṣẹ́, tí wọ́n sì ń dá orúkọ padà fún onírúkọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé olórin kan wà nínú ogójì fíìmù, ẹ kọ́kọ́ wo iye tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sójú fíìmù nígbà náà. Ìyẹn ló máa sọ ipò tó wà fún yín.

Ọ̀kan nínú àwọn tó fi orin gùn ún kúrò ní wákà-páàsì débi tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ wọ́n ni Hilo Hattie. Olùkọ́ ilé ìwé ni, Clarissa Haili lorúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní Honolulu ní 1901. Ó máa ń kọrin apanilẹ́rìn-ín, ó ń jó hula, ijó ìbílẹ̀ Hàwáì, pẹ̀lú àwàdà, ó bá ẹgbẹ́ Harry Owens ṣiṣẹ́. Ó ṣe fíìmù pẹ̀lú Betty Grable ní 1942, ó sì wà nínú èyí tí Elvis Presley ṣe ní Hàwáì ní 1961. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rín ló bá a wọlé. Fún obìnrin tó sanra, tó ti lé ní ogójì ọdún, tó sì jẹ́ ọmọ onílẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn mìíràn tí wọ́n fi sílẹ̀ láìtì ní Hollywood. Mo gbà pé ọ̀jáfáfá ni, mo sì tún gbà pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Méjèèjì ló jẹ́ òótọ́.

Báwo ni Poncie ṣe wọlé

Ẹ̀rín àti orin náà ni Poncie gbé lọ sí Kalifọ́níà. Ó ń ta ukulele, ó ń sín ohùn àwọn gbajúmọ̀ jẹ, ó ń dẹ́rìn-ín pa èèyàn ní ilé ìgbafẹ́ tí aláwàdà Ben Blue ní ní Santa Monica. Ibẹ̀ ni àwọn ará Warner Bros., ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá kan ní Hollywood, ti rí i. Wọ́n ti ní eré tẹlifíṣàn kan lọ́wọ́ nípa àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni ní Los Angeles, ó sì ń mówó wọlé. Wọ́n fẹ́ ṣe irú rẹ̀ nílùú mìíràn. Ọdún 1959 nìyẹn, ọdún tí Hàwáì di ìpínlẹ̀, tí ọkọ̀ òfurufú ayára-bí-àṣá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ síbẹ̀. Gbogbo Amẹ́ríkà ló ń sọ̀rọ̀ Hàwáì. Eré tuntun náà, Hawaiian Eye, bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ABC ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n sọ ilẹ̀ náà di ìpínlẹ̀.

Ipa tí wọ́n fún Poncie ni Kim Quisado, awakọ̀ takisí. Ó máa ń dé fìlà koríko, ukulele kì í jìnnà sí i. Ìbátan rẹ̀ pọ̀ káàkiri erékùṣù: bí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá ń wá ẹnì kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n Kim á ti rí i ní hòtẹ́ẹ̀lì, bí wọ́n bá fẹ́ mọ ọkọ̀ tó jáde lóru, àbúrò rẹ̀ kan ń ṣiṣẹ́ létí òkun. Ẹni tó ṣe ipa yìí ní láti pani lẹ́rìn-ín, ó ní láti kọrin, ó ní láti sáré, ó tún ní láti mú ìtàn lọ síwájú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Poncie ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré náà títí tó fi parí ní 1963, lẹ́yìn apá 134. Ẹni tó bá wo apá méjì tàbí mẹ́ta á rí i pé òun ló mú ibẹ̀ jọ ibi tí èèyàn ń gbé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rèé: wọn kò ya eré náà ní Hàwáì. Inú ọgbà ilé iṣẹ́ Warner ní Burbank, ní ẹ̀bá Los Angeles, ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Igi ọ̀pẹ tí ẹ rí, igi ọ̀pẹ Kalifọ́níà ni. Àwọn àwòrán etí òkun Waikiki tí wọ́n lọ yà lọ́tọ̀ ni wọ́n ń kì bọ àárín. Nítorí náà, kí Poncie tó lè ṣe ọmọ Hàwáì lójú tẹlifíṣàn, ó ní láti fi Hàwáì sílẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn olú ẹ̀dá ìtàn náà. Anthony Eisley ni ọ̀kan. Èkejì, Tom Lopaka, ẹni tí ìtàn sọ pé ẹ̀jẹ̀ Hàwáì wà lára rẹ̀, Robert Conrad ọmọ Chicago ló ṣe é. Akọrin inú hòtẹ́ẹ̀lì nínú ìtàn náà, Connie Stevens ọmọ Brooklyn ló ṣe é. Ọmọ Maui tó mọ orin, tó mọ ìlú, òun ni awakọ̀. Kì í ṣe pé Conrad kò mọ iṣẹ́, ó mọ̀ ọ́n gan-an. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó tilẹ̀ béèrè nígbà náà bóyá ẹni tó ti Hàwáì wá lè ṣe Lopaka.

Iṣẹ́ àdéhùn ni iṣẹ́ irú yìí. Lọ́dọ̀ Warner nígbà yẹn, òṣèré máa ń tọwọ́ bọ̀wé fún ọdún púpọ̀, wọ́n á máa san owó ọ̀sẹ̀ fún un, ibi tí wọ́n bá sì rán an ló gbọ́dọ̀ lọ. Bí eré bá mú mílíọ̀nù wọlé, owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò yí padà. Àwọn olú ẹ̀dá ìtàn pàápàá ń ráhùn. James Garner, olú ẹ̀dá ìtàn nínú eré Warner mìíràn, gbé Warner lọ sí kóòtù ní 1960, ó sì jàre. Bí ẹni tó wà lókè bá ní láti lọ sí kóòtù kó tó rí ẹ̀tọ́ gbà, ẹ lè ro ti awakọ̀ takisí. Ẹ̀kúnwọ́ kan wà tí irú Poncie lè rí níbẹ̀ ṣá o: Warner ní ilé iṣẹ́ àwo orin tirẹ̀. Poncie gbé àwo jáde níbẹ̀ nígbà tí eré náà ń lọ lọ́wọ́, Connie Stevens náà gbé tirẹ̀ jáde. Tẹlifíṣàn ń ta àwo, àwo sì ń ta tẹlifíṣàn.

Nígbà tí eré parí, ipa kò wá bí òjò. Ó wà nínú fíìmù ọkọ̀ ìsáré tí Elvis ṣe ní 1968, orúkọ tí wọ́n fún un níbẹ̀ sì ni Juan Medala. Ẹni tó ti jẹ́ ọmọ Hàwáì fún ọdún mẹ́rin wá di ẹni tó ń jẹ́ orúkọ Sípéènì. Èyí kò yani lẹ́nu fún ẹni tó mọ Hollywood ìgbà yẹn. Lójú àwọn tó ń pín ipa, ẹni tí awọ rẹ̀ kò funfun tí kò sì dúdú lè jẹ́ ará ibikíbi: Hàwáì lónìí, Mẹ́síkò lọ́la. Nínú ìwé orúkọ àwọn òṣèré ìgbà náà, ẹ óò rí irú èyí lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ibo. Poncie padà sórí ìtàgé, ó ń fi ukulele àti àwàdà jẹun, títí tó fi kú ní 2013 lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Àwọn kan ń pe èyí ní ìjákulẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Orin ni iṣẹ́ rẹ̀ kí Warner tó pè é, orin náà ló ń ṣe lẹ́yìn tí Warner kò pè é mọ́.

Nígbà tí kámẹ́rà lọ sí Hàwáì

Ní 1968, tẹlifíṣàn CBS bẹ̀rẹ̀ eré ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Hawaii Five-O, èyí tí wọ́n ṣe fún ọdún méjìlá. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé Hàwáì gan-an ni wọ́n ti yà á. Ìyẹn nìkan yí ìgbésí ayé ọ̀pọ̀ olórin ibẹ̀ padà, torí kò sídìí láti kó ẹrù lọ sí Los Angeles mọ́.

Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí wọ́n ń pè ní Zulu. Ẹ má ṣe wá a sí South Africa. Ọmọ Hilo, ìlú kan ní Hàwáì, ni, wọ́n bí i ní 1937, Gilbert Kauhi lorúkọ rẹ̀. Ó ti wà lára àwọn ọkùnrin etí òkun Waikiki, àwọn tó ń kọ́ àlejò ní bí wọ́n ṣe ń gun ìgbì òkun lọ́sàn-án, tí wọ́n ń ta ukulele tí wọ́n sì ń kọrin fún wọn lálẹ́. Ilé ìwé eré ṣíṣe wo ló tún ju ìyẹn lọ? Ẹni tó bá ti lè mú ọgọ́rùn-ún àlejò rẹ́rìn-ín lóru, kámẹ́rà kò ní bà á lẹ́rù. Òun ló ṣe ọlọ́pàá Kono fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́. Jack Lord, ọmọ New York, ni olú ẹ̀dá ìtàn, òun ló ń ronú, òun ló ń pàṣẹ. Kono ló ń sáré, ló ń gbá ilẹ̀kùn wọlé. Ipò amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ náà kò yí padà, àmọ́ ọmọ Hàwáì ló wà níbẹ̀, lórí ilẹ̀ rẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, níwájú gbogbo Amẹ́ríkà. Ó kú ní Hilo ní 2004.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Moe Keale. Niʻihau ni wọ́n bí i sí ní 1939, erékùṣù kékeré tó jẹ́ pé ìdílé kan ṣoṣo ló ni gbogbo rẹ̀, tí wọ́n ṣì ń fi èdè Hàwáì bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ọwọ́ rẹ̀ lórí ukulele kò láfiwé. Ó wà nínú ẹgbẹ́ Sons of Hawaii, àwọn tó jí orin ìbílẹ̀ ibẹ̀ dìde nígbà tí orin àlejò fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọdún tó kẹ́yìn Hawaii Five-O, láti 1979 sí 1980, wọ́n fi í ṣe ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Truck. Kò fi orin sílẹ̀ fún eré nígbà kankan, títí tó fi kú ní 2002. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé olórin ni àbí òṣèré, olórin tó tún ń ṣe eré ni màá wí, bó sì ṣe rí fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn nìyẹn.

Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí àwa náà. Ohùn gìtá tó ń fà gùn, tó ń sunkún nínú orin King Sunny Adé, èyí tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta, ọmọ-ọmọ irin tí Kekuku ń yọ́ lórí okùn ni. Àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Hàwáì, wọ́n fi ẹsẹ̀ àti ohun ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sí i, ó wá bá jùjú pàdé ní Nàìjíríà. Nígbà tí Hollywood máa pe Sunny Adé fúnra rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, sínú fíìmù àwàdà tí Robert Altman darí, báwo ló ṣe wọ̀ ọ́? Pẹ̀lú gìtá lọ́wọ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń kọrin níbi àríyá. Ilẹ̀kùn tí Sol Hoʻopiʻi gbà ní àádọ́ta ọdún ṣáájú ni wọ́n ṣí fún òun náà.

Arábìnrin Moe Keale bí ọmọkùnrin kan, Israel Kamakawiwoʻole, tó fi ukulele nìkan kọ “Over the Rainbow” sínú àwo tó jáde ní 1993. Israel kú ní 1997, ọmọ ọdún méjìdínlógójì. Ní 1998 orin náà wọ fíìmù Brad Pitt kan, ó wọ òmíràn tí wọ́n ya ní Hàwáì ní 2004, ó sì wọ ọ̀pọ̀ ìpolówó ọjà lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ olórin Hàwáì wá ṣe lẹ́yìn ìràwọ̀ ní 1937, àwo lè ṣe é báyìí láìsí olórin níbẹ̀. Owó orin ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀, ìyẹn sì dára ju bí ó ṣe rí fún ẹgbẹ́ Lani McIntire lọ. Àmọ́ ipa Kim Quisado, ipa Kono, ipa Truck, àwọn ibi tí olórin kan ti lè fi ojú ara rẹ̀ hàn, kó sọ̀rọ̀, kó ní orúkọ nínú ìtàn, àwo kò lè ṣe ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó lọ wo àwọn eré náà, kó sì máa wo ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀.